Ọmọ mi gbọ́n, ṣùgbọ́n kò lè kàwé: ìdáhùn sí Ìyá Ìbejì ní Kubwa

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 9 ni àkọ́bí mi ọkùnrin, pírámárì 4 ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí ní Kubwa. Títí di ìsinsìnyí, kò lè ka ìwé pírámárì 1 já geere. Ó lè pe ọ̀rọ̀ kan dáadáa lókè ewé, tó bá tún pàdé ọ̀rọ̀ yẹn kan náà nísàlẹ̀, á dà bí ẹni tí kò rí i rí. Bẹ́ẹ̀, ó gbọ́n. Òun ló ń bá wa tún rédíò àti fáànù ṣe, Hausa tó kọ́ ládùúgbò já gaara ju tèmi lọ, ní ilé-kéwú ó ti há súrà púpọ̀ sórí. Ṣùgbọ́n bí alùfáà bá ní kó nàka sí ibi tó ń kà nínú ìwé, á kàn wolẹ̀ ni. Àwọn ìbejì tí mo bí tẹ̀lé e, ọmọ ọdún 6, ti ń kàwé jù ú lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kó tún kíláàsì kà, wọ́n sì ní ká yé sọ Yorùbá sí i nílé, pé èdè mẹ́ta ti pọ̀ jù fún un. Lẹ́sìn tíṣà ń nà án. Bàbá wọn ní ọ̀lẹ ni. Àwọn náà ò fẹ́ràn ìwé, JSS 2 ni wọ́n ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ wáyà. Ìyá ọkọ mi ní kí n mú un wá sílé kí wọ́n ṣe ìsọ̀yè fún un. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló dárúkọ dyslexia. Ṣé òun ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì ṣé tí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Kò sí ẹni tó lè fi lẹ́tà nìkan sọ ohun tó ń ṣe ọmọ tí òun ò fojú rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ohun tí ẹ kọ yìí síwájú ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, dyslexia ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é bí ẹni pé òun ni, torí pé nínú ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe, kò sí èyí tó lè pa ọmọ lára bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ òun.

Ọpọlọ ọmọ tó ní dyslexia kì í tètè so ìró inú ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà tó dúró fún un. Ó gbọ́ "bàtà", ó mọ ohun tí bàtà jẹ́, ṣùgbọ́n kó tú ọ̀rọ̀ náà sí ìró kọ̀ọ̀kan, kó sì tún kó wọn jọ pa dà, iṣẹ́ ńlá ni fún un. Ohun tó ti mọ́ ọmọ mìíràn lára lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun á ṣì máa rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe àìsàn ojú, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí ọmọ ṣe gbọ́n tó. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣírò rẹ̀ sí ọmọ 5 sí 10 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú kíláàsì tó ní ọmọ 30, ó ṣeé ṣe kí méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè ní olódo.

Lọ́dún 1896, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Pringle Morgan, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń jẹ́ Percy. Ìṣirò kò ṣòro fún ọmọ náà, ó sì já fáfá níbi eré, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kọ̀ ọ́. Ó tilẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ ní "Precy", kò sì fura. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ì bá gbọ́n jù nílé-ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ sọ nípa súrà àti Hausa, Percy ni mo rántí.

Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ ti bá ìyá ọkọ yín sọ̀rọ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ súrà lẹ́nu alùfáà tó sì ń há a sórí, ìyè rẹ̀ pé pérépéré. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbé wọlé kì í jábọ́. Èyí tí ojú rẹ̀ rí lórí ìwé ni kì í tètè di ohùn. Kò sí ìsọ̀yè tó ń kọ́ ọmọ bí lẹ́tà ṣe ń di ìró. Ẹ ní kí Màmá bá wa máa gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe fún un ní àgbo kankan mu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́.

Nípa bàbá ọmọ, ẹ má fojú kékeré wo ohun tí ẹ kọ yẹn. Dyslexia máa ń rìn nínú ìdílé. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, ó tó ọ̀kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tó lè ní in, ó sì lè tó ìdajì. Ẹ má fi bi wọ́n bí ẹni ń fẹ̀sùn kanni. Lálẹ́ ọjọ́ tí ara bá tù wọ́n, ẹ ní kí wọ́n sọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọkùnrin tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ti pe òun náà ní ọ̀lẹ títí tó fi gbà. Bí wọ́n bá lè sọ ìtàn yẹn fún ọmọ náà lẹ́nu ara wọn, pé bó ṣe ń ṣe ọ́ yìí náà ló ṣe mí, yóò ṣe é lóore ju lẹ́sìn ọdún kan lọ.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni ilé-ẹ̀kọ́ tó ní kí ẹ yé sọ Yorùbá. Ẹ má gbọ́. Èdè púpọ̀ kì í fa dyslexia. Àwọn tó ń sọ èdè kan ṣoṣo ní in, àwọn tó ń sọ mẹ́rin náà ní in. Ní Abuja wa yìí, ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, tó ń fi Hausa ra kósáì lójú pópó, tó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kì í ṣe àràmàǹdà. Wọ́n pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kàwé láìsí wàhálà. Bí ẹ bá gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ yìí, ẹ gba èdè tó fi ń ronú, tó fi ń bá yín ṣeré, tí ẹ sì fi lè kọ́ ọ. Kò sì ní torí ìyẹn mọ Gẹ̀ẹ́sì í kà.

Èmi tilẹ̀ sọ pé Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà rẹ̀ nílé. Ìdí rẹ̀ wà nínú àkọtọ́ wa. Ẹ wo "a" nínú bàtà, apá, ata: ohùn ló ń lọ sókè sódò, ìró kò yí pa dà. Ẹ wá wo "a" kan náà nínú cat, cake, car àti call. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ìró bíi 44, lẹ́tà 26 ló sì fi ń kọ gbogbo wọn. Tiwa yàtọ̀: yàtọ̀ sí "gb" tó jẹ́ lẹ́tà méjì fún ìró kan, àti "n" tó máa ń gba imú jáde lẹ́yìn fáwẹ̀lì, ohun tí ọmọ bá rí ni yóò pè. Hausa boko, ìyẹn Hausa tí a fi lẹ́tà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì kọ, náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn tó ní dyslexia ní Ítálì, ní Faransé àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá ibì kan náà nínú ọpọlọ ni kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ lára gbogbo wọn nígbà tí wọ́n ń kàwé, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì, tí àkọtọ́ wọn tọ́ bíi tiwa, kàwé dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ìṣòro kan náà ni, àkọtọ́ ló dín ìyà kù. Mi ò sọ pé ọmọ yín máa ka Yorùbá geere lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe kó máa fà á. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kà yóò tọ̀nà, ọmọ tí kò tíì rí ara rẹ̀ kà tọ̀nà rí nílò ìyẹn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwé tó ní àmì ohùn ni kí ẹ lò o. Kí ni ọmọ báyìí fẹ́ fi "owo" aláìlámì ṣe, tó lè jẹ́ owó tàbí òwò?

Yorùbá yóò tún jẹ́ kí ẹ dá ohun tó jẹ́ dyslexia mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe é. Bó bá kọ "bedi" dípò bed, tàbí "miliki" dípò milk, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́nsónáǹtì parí, etí Yorùbá ló fi gbọ́ ọ. Bó bá pe "p" inú pen bíi "p" inú pàtàkì, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n bó bá kọ bed ní "deb" lónìí, "bde" lọ́la, "bd" lọ́tùnla, tó sì tún ń kọ "ilé" ní "eli", lédè tó ti ń gbọ́ látìgbà tó wà lẹ́yìn yín, ibẹ̀ gan-an ni ká ti fura. Ọmọ ọdún 5 tàbí 6 tó ń fi b ṣe d kò ṣe nǹkan tuntun. Ẹni ọdún 9 tó ṣì ń ṣe é lemọ́lemọ́ nílò ìrànlọ́wọ́.

Ní báyìí, iṣẹ́ ilé. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jọ di wákàtí méjì ní Sátidé. Èyí tí a ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń dúró. Ẹ má sì tíì gbé ìwé jáde. Ṣé ẹ rántí ẹ̀nà, tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún àwọn àgbà? "Mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ẹni tó bá ń fọ ẹ̀nà ń gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, ó ń mú fáwẹ̀lì inú sílébù kọ̀ọ̀kan jáde, ó sì ń tún un lò, kíákíá, láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré etí kọ́ ọmọ náà nìyẹn. Ẹ máa fọ̀ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Yóò kọ́kọ́ ṣòro fún un ju fún àwọn ìbejì lọ, nítorí náà ẹ fi orúkọ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ lọ sórí ìró: "ilé", bí a bá yọ i kúrò, kí ló kù? "Ọwọ́", bí a bá fi k rọ́pò w, kí ló dà? Ẹ jẹ́ kóun náà bi yín. Ọmọ tí wọ́n ti ń bi ní ìbéèrè tí kò mọ̀ láti àárọ̀ nílò ká jẹ́ kó bi ẹlòmíràn.

Ìgbà tí etí bá ti gbọ́ ọ ni kí ẹ tó mú lẹ́tà wá. Fáwẹ̀lì 7 tí a ní, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, pẹ̀lú kọ́nsónáǹtì 2 péré, bóyá l àti t. Ẹ fi b pa mọ́ ná, kí ẹ má sì fi òun àti d kọ́ ọ pa pọ̀. Ẹ kọ wọ́n sórí ìdérí ìgò, lẹ́tà kan lórí ìdérí kan. Kó fi l ti a, kó pè é. Kó yọ a, kó fi ọ síbẹ̀, kó tún pè é. Lẹ́yìn náà kó fi ìka kọ ọ́ sínú iyanrìn tí ẹ dà sórí tíréè, kó máa pe ìró náà bí ìka ṣe ń lọ. Ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ á jọ máa ṣiṣẹ́. Samuel Orton tó jẹ́ dókítà àti Anna Gillingham tó jẹ́ olùkọ́ ni irú ìlànà yìí wá láti ọwọ́ wọn ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1930, òun sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì ń tẹ̀ lé lónìí. Agbára rẹ̀ wà nínú ètò: ẹ fi ti àná bẹ̀rẹ̀ ti òní, kí ẹ má sì fi tuntun kún un títí èyí tó wà nílẹ̀ á fi máa wá sí i lẹ́nu wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ dáwọ́ dúró kó tó rẹ̀ ẹ́.

Tí Yorùbá bá ti ń gbéra, bóyá lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé lọ́nà kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ń lo Jolly Phonics, tó ń fi ìró pàtàkì 42 kọ́ni. Lẹ́tà 6 ló fi ń bẹ̀rẹ̀: s, a, t, i, p, n. Pẹ̀lú wọn nìkan, ọmọ ti lè ka sat, pin, tap àti nap. Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ yín bóyá òun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìlànà náà dára fún ọmọ tó ní dyslexia, àfi pé ó nílò kó lọ jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì máa pa dà sẹ́yìn léraléra. Lérò tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín ni pé kíláàsì ti kúrò níbẹ̀ kó tó mọ́ ọn lára, kò sì sí ẹni tó pa dà wá mú un.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ máa kàwé fún un. Ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀, ìtàn, ìròyìn, ohun tó bá fẹ́. Fóònù náà lè ka Gẹ̀ẹ́sì sókè sí i létí. Ọmọ tó ń tú fáànù palẹ̀ tó sì ń tò ó pa dà kò yẹ kó dúró sórí "A is for apple" nítorí pé ojú rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀nà.

Lẹ́sìn tíṣà tó ń nà án, ẹ dá a dúró lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de ìparí oṣù torí owó tí ẹ ti san. Ẹgba kì í so ìró mọ́ lẹ́tà. Ohun kan ṣoṣo tó ń so mọ́ ìwé ni ìbẹ̀rù. Bó bá ti ń sọ pé inú ń run òun ní àárọ̀ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí ìwé rẹ̀ ń sọnù, tàbí tó ń ṣe aláwàdà ní kíláàsì kí wọ́n má bàa ní kó dìde kàwé, ìbẹ̀rù yẹn ti wọlé nìyẹn. Nílé, ẹ má gbà kí àwọn ìbejì máa bá a pe ọ̀rọ̀ kó tó pè é. Ọmọdé ni wọ́n, wọn ò mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Ẹ bá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin àti bàbá ọmọ pa pọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ẹ mú ewé ìwé tó kọ lọ́wọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ ń rí nílé sílẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ pé kó tún kíláàsì kà, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi wọ́n: kí ni ẹ máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ tí ẹ ò ṣe lọ́dún yìí? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ má gbà. Ọmọ ọdún 10 tó jókòó sáàárín àwọn ọlọ́dún 8, tí wọ́n sì tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ìtìjú nìkan ló máa fi ọdún náà kó jọ.

Ẹ wá bẹ̀ wọ́n fún nǹkan tí apá wọn ká. Kí wọ́n má ṣe pè é lójijì pé kó dìde kàwé sókè. Kí wọ́n fún un ní nóòtì tí wọ́n ti tẹ̀ dípò kó máa da gbogbo rẹ̀ kọ láti ojú bọ́ọ̀dù. Níbi àpèkọ, ọ̀rọ̀ 5 tó jọra bíi cat, hat, mat, ṣe é lóore ju 20 tí kò bára tan lọ. Bó bá jẹ́ ìdánwò sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, kí ẹnì kan ka ìbéèrè fún un, kó dáhùn pẹ̀lú ẹnu, torí pé sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ̀. Kí wọ́n fún un ní àkókò díẹ̀ sí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ìdánwò ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Òfin àpapọ̀ tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, kí ó sì ní ẹni tó kọ́ nípa wọn. Aládàáni ni tiyín, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́.

Nípa àyẹ̀wò, ojú àti etí ló ṣáájú. Ẹ rí dókítà ní Kubwa, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín sí National Hospital tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti Gwagwalada. Etí tó ń ṣọyún látìgbà èwe lè mú kí ọmọ má gbọ́ ìró yàtọ̀ síra wọn. Tí àwọn yẹn bá dáa, ẹ wá onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ àti ẹ̀kọ́, tàbí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ẹ bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Yunifásítì Jos ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan sì wà ní Ọ̀yọ́ fún un. Àyẹ̀wò náà jẹ́ ìjókòó gígùn pẹ̀lú ọmọ: kíkà, kíkọ, eré ìró, ìṣirò, ìtàn ìdílé. Wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀, wọn kì í sì ya àwòrán orí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta jígí aláwọ̀ fún yín, tàbí oògùn dyslexia, ẹ má fún un lówó. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti ti ojú ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ lọ́dún 2009 pé kò sí ẹ̀rí pé irú jígí bẹ́ẹ̀ ń wo dyslexia sàn.

Ẹ sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, lédè Yorùbá, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni mìíràn. Ẹ ní ọpọlọ rẹ̀ pé, pé ìwé kíkà ni kì í tètè wọlé fún un, pé ó ní orúkọ, pé àwọn mìíràn pọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀, pé ẹ ti mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà kọ́ ọ báyìí, àti pé kò sẹ́ni tó máa nà án lórí ìwé mọ́. Ẹ má ṣèlérí pé ó máa kúrò pátápátá, torí pé ó máa ń bá ènìyàn dàgbà. Yóò mọ̀wé kà, àfi pé ó lè máa kà jẹ́jẹ́ títí lọ.

Kí ẹ máa kọ ọjọ́ àti ohun tó kà sínú ìwé kékeré kan. Mo fẹ́ kí èsì àyẹ̀wò náà wà lọ́wọ́ yín kó tó wọ pírámárì 5, kí ẹ lè fi bá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé béèrè àkókò àfikún àti ẹni tí yóò máa ka ìbéèrè fún un, ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù common entrance, torí pé wọn kì í fi ọjọ́ ìdánwò gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.